Roca Partida, àpáta kan ṣoṣo ní àárín agbami: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé àwòrán ìrìnàjò mi sórí Facebook ni ìbéèrè ò ti dá. Àwọn kan fẹ́ lọ lọ́la, àwọn kan ń bẹ̀rù nítorí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo sọ fún Màámi kí n tó gbéra. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Mo kó gbogbo ìbéèrè yín jọ síbí kí n lè dáhùn wọn pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé Roca Partida, tí mo gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ abẹ́ omi ibẹ̀ lọ wo ẹja, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kọkànlá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kejì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù ni pé ibẹ̀ jìnnà. Jíjìnnà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọmọ aráyé tíì bà á jẹ́. Jíjìnnà rẹ̀ náà ni kò fi yẹ kí ẹni tí kò tíì múra gbéra lọ síbẹ̀.

Níbo gan-an ni Roca Partida wà?

Inú òkun Pàsífíìkì ni, lábẹ́ ìjọba Mẹ́síkò. Tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Mẹ́síkò, ẹ ó rí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn bí ahọ́n ní apá ìwọ̀-oòrùn. Baja California nìyẹn, ìlú Cabo San Lucas ló sì wà ní ṣóńṣó ahọ́n náà. Ẹ kọjú sí gúúsù láti ibẹ̀, ẹ forí lé agbami. Ó máa sún mọ́ 500 kìlómítà kí ẹ tó kan àpáta náà.

Erékùṣù mẹ́ta ló bá a tan: San Benedicto, Socorro àti Clarión. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń pè ní Revillagigedo. Roca Partida ló kéré jù nínú wọn, débi pé mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ ká pè é ní erékùṣù rárá. Ó gùn tó bíi 100 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ ò sì ju bíi mítà 8 lọ. Ní èdè Sípéènì, àpáta tó là sí méjì ni orúkọ náà túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí: ṣóńṣó méjì ló yọ sókè, èyí tó ga jù lé ní mítà 30, àárín wọn wá rẹlẹ̀ bíi gàárì ẹṣin. Igi ò sí lórí rẹ̀, omi mímu ò sí, kò síbi téèyàn lè sọ̀ sí. Àwọn ẹyẹ òkun ló ni ín, ìgbẹ́ wọn ti sọ ọ́ di funfun láti òkè dé ibi tí ìgbì ń gbá.

Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ fi rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀?

Ẹ fojú inú wo ọ̀dàn kan tó lọ salalu, tí igi kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀. Ẹyẹ tó bá ń kọjá, orí igi yẹn náà ni yóò bà lé. Bí Roca Partida ṣe rí fún ẹja nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi gbogbo lókun ni oúnjẹ wà, kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè agbami gbẹ fún oúnjẹ, ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti tutù ni ọ̀rá rẹ̀ wà. Ṣóńṣó òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni àpáta yìí, ìsàlẹ̀ òkun ló sì ti gbéra. Bí ìṣàn omi bá kọ lù ú, àfi kó yí i po tàbí kó fà gòkè, á sì gbé ọ̀rá omi tútù yẹn dání wá sókè. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín á rí jẹ, ẹja kéékèèké á wá jẹ àwọn yẹn, ẹja ńlá á sì tẹ̀ lé wọn.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa rí túnà tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lóòró, tí wọ́n ń sáré kọjá bí ọkọ̀ lórí òpópónà. Ẹja wẹ́wẹ́ á ṣùjọ débi pé wọ́n á ṣíji bo oòrùn. Tí ẹ bá wo apá ibi tí omi ti dúdú, ẹja ṣáàkì olórí òòlù lè yọ ní ogún tàbí ọgbọ̀n, kí wọ́n tún pòórá.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ò sáré rárá. Ní nǹkan bíi mítà 20 nísàlẹ̀, àwọn ibi kan wà lára àpáta náà tó yọ síta bíi pẹpẹ. Orí pẹpẹ wọ̀nyẹn ni àwọn ṣáàkì kan tí ṣóńṣó lẹbẹ wọn funfun máa ń sùn sí. Mo ka mẹ́sàn-án lórí pẹpẹ kan ṣoṣo, wọ́n gorí ara wọn bí ọmọ ajá. Ọ̀kan jí, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá, ó fi imú ti ẹnìkejì rẹ̀ kó lè ráyè. Àwọn irú ṣáàkì kan wà tó gbọ́dọ̀ máa rìn kí omi tó lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kọjá tí wọ́n á fi mí. Irú èyí ò nílò rẹ̀, ó lè fi ẹnu fa omi náà fúnra rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀. Mo súnmọ́ wọn títí mo fi ń rí i bí ẹnu wọn ṣe ń ṣí tó ń pa, tí awọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọn ń mì fẹ́ẹ́.

Ẹja manta tó wà nínú àwòrán yín ńkọ́?

Kì í ṣe Roca Partida gan-an ni mo ti ya ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń débẹ̀ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ San Benedicto ni, níbi tí wọ́n ń pè ní El Boiler, òkúta kan tó dúró bí ilé ìṣọ́ lábẹ́ omi, tí ìgbì máa ń hó lórí rẹ̀ bí ìkòkò tó wà lórí iná.

Tí ẹ ò bá rí manta rí, ẹ ronú nípa ẹja tó rí pẹrẹsẹ bí ẹní, tí lẹbẹ rẹ̀ méjèèjì di apá, tó wá ń fi wọ́n fò nínú omi. Láti ìkángun apá kan dé ìkejì lè tó mítà 7, ó gùn ju dáńfó lọ. Kò ní oró nírù, kò sì ní eyín tó lè fi bu ni jẹ. Àwọn ohun tíntìntín inú omi ló ń jẹ. Ó máa ń wá sí El Boiler kí àwọn ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn kan, tí orúkọ wọn jáde láti ara Clarión, lè ṣa kòkòrò kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀kan wá dúró lókè orí mi, ó sì dí oòrùn. Ìhó afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu mi ń kọ lu ikùn rẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń họ ẹ̀yìn fún. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ apá kan kalẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé tèmi. Ojú náà tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, ó sì ń yí. Ó wo gíláàsì ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ojú mi padà. Nínú gbogbo ẹja, kò sí èyí tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi tó tirẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn àmì dúdú tó wà ní ikùn wọn yàtọ̀ síra bí ìtẹ̀ka ènìyàn, òun sì ni àwọn olùwádìí fi ń dá wọn mọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí: ọmọ kan ṣoṣo ni manta máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oyún tó tó nǹkan bí ọdún kan, ó sì lè pẹ́ kó tó tún lóyún. Àwọn kan ń pa wọ́n ní àwọn òkun mìíràn nítorí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, tí wọ́n ń tà ní Éṣíà bí oògùn. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti kọ orúkọ manta agbami sára àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ìparun. Ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá pa lọ́dún kan, ìran kan lè kọjá kí wọ́n tó rọ́pò rẹ̀.

Kí ló dé tí San Benedicto rí bí eérú nínú àwòrán?

Eérú ni lóòótọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1952, òkè ayọnáyèéfín tuntun kan, Bárcena, bú jáde lórí erékùṣù náà, ó sì fi eérú bo gbogbo ewéko ibẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé, orí San Benedicto nìkan. Ẹnikẹ́ni ò tún rí i mọ́.

Ṣé àwọn ṣáàkì yẹn ò ní ṣe yín ní jàǹbá?

Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ṣáàkì ò léwu, ẹranko ńlá ni. Ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ omi, tó ń mí pẹ̀lú ariwo, tó dojú kọ wọ́n, kò jọ oúnjẹ lójú wọn. Wọ́n á wá wò yín, wọ́n á yí yín po lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹ má ṣe lé wọn. Ẹ má ṣe há wọn mọ́ ògiri àpáta. Ẹ má sì ṣe máa fò sókè sódò lójú omi bí ẹja tó fara pa, orí omi ni wọ́n ti máa ń ṣi ènìyàn mú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú sílíńdà ẹ̀yìn mi.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀?

Ọkọ̀ ojú omi ńlá ni ilé yín fún bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kò sí òtẹ́ẹ̀lì. Houston ni mò ń gbé, bàlúù gbé mi dé Los Cabos láàárín wákàtí mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni a ti wọkọ̀, ó sì gbà wá ní wákàtí 26 ká tó rí San Benedicto. Socorro ló tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Mẹ́síkò ní ibùdó níbẹ̀, wọ́n á gun inú ọkọ̀ yín wá yẹ ìwé wò. Láti Socorro, ẹ ó rin gbogbo òru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹ jáde pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, ẹ ó rí i: ohun funfun kan ṣoṣo lórí omi, bí eyín.

Ìgbì agbami ò dà bíi ti ọ̀sà. Ẹ lo oògùn èébì ọkọ̀ kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe ìgbà tí inú bá ti ń ru. Atalẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ gan-an, mo gún un, mo sè é, mo rọ ọ́ sínú fùlásíìkì. Tẹlifóònù yín ò ní ṣiṣẹ́.

Oṣù wo ló dára jù?

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹfà ni àwọn ọkọ̀ ń lọ. Àkókò tó kù, ìjì ńlá ń jà lágbègbè yẹn. Ní oṣù kọkànlá omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè tó ìwọ̀n 27 lórí Celsius. Ní oṣù kejì sí ìkẹta ó lè lọ sílẹ̀ sí 21, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni àwọn ẹja àbùùbùtán wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, oṣù kejì ni màá mú, màá fara da òtútù.

Ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n ń béèrè?

Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó kọ́ scuba, ìyẹn wíwọ abẹ́ omi pẹ̀lú sílíńdà, Open Water ni wọ́n ń pè é, mítà 18 nísàlẹ̀ omi ni ó mọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, Advanced, mítà 30. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ Revillagigedo ló ń béèrè Advanced, wọ́n á sì fẹ́ rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín pé ẹ ti wọ omi tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ ti wọ omi ìgbà 100, kí apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ níbi tí omi ti ń ṣàn gan-an. Ìdánwò kan wà tí ẹ lè fún ara yín nínú omi tó parọ́rọ́. Ẹ dúró ní mítà 5, ẹ má di okùn mú, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan ìsàlẹ̀, ẹ má gòkè, ẹ má sọ̀ kalẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Tí ẹ ò bá tíì lè ṣe é, ẹ má tíì lọ. Ògiri Roca Partida lọ sísàlẹ̀ tààrà kọjá mítà 60, kò sí iyanrìn kankan tí ẹ máa balẹ̀ sí bí ara bá wúwo.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara èèyàn lábẹ́ omi?

Omi wúwo. Mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún gbé gbogbo ìwúwo afẹ́fẹ́ ayé yìí lé yín lórí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ń tẹ̀ yín lójú ilẹ̀. Èémí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fà níbẹ̀ yóò kó ìlọ́po mẹ́rin afẹ́fẹ́ jáde nínú sílíńdà. Sílíńdà tó lè gbé yín fún wákàtí kan lójú omi, ìṣẹ́jú 15 ló máa lò ní mítà 30.

Èyí tó le jù ni ti nitrogen. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, nitrogen ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara ò sì lò ó fún nǹkan kan. Nísàlẹ̀ omi, bí omi ṣe ń fún ara mọ́, nitrogen yẹn á máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Tí ẹ bá rọra gòkè, á rọra jáde gba ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wá ronú nípa ìgò mínírà tí wọ́n mì dáadáa, tí ẹnì kan wá ṣí ìdérí rẹ̀ lójijì. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá sáré gòkè nìyẹn. Bends ni àwọn òmùwẹ̀ ń pè é. Ó lè jẹ́ ìrora oríkèé, ó lè rọ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó lè pa ènìyàn.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í yára ju mítà 9 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan bí a bá ń gòkè, tí a sì ń dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí orí tó yọ. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lọ́rùn ọwọ́ yín ló ń ṣe ìṣirò náà. Tó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró, kódà bí manta mẹ́wàá ń jó lókè. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lo nitrox níbẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún dé ìdá 32 nínú 100 kí nitrogen lè dín kù. Ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, torí ọ́síjìn pàápàá a máa di májèlé bí ẹ bá jìn jù. Ẹni tó ń mí 32 kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 33.

Àwọn awayanrìn Èkó ń wọ abẹ́ ọ̀sà láì ní sílíńdà. Kí ló dé tí ẹ̀yin nílò gbogbo èyí?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Mo ti dúró wo àwọn ọkùnrin yẹn lẹ́bàá ọ̀sà nígbà èwe mi. Wọ́n á ri àkàbà mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n á mú garawa dání, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó dúdú bí àdí, wọ́n á sì fi garawa náà bu yanrìn gòkè wá. Òmùwẹ̀ gidi ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀ sí tiwa. Èémí tí awayanrìn fà sínú, òkè ló ti fà á. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, omi á fún un kéré, bó bá gòkè á padà sí bó ṣe wà. Àwa ń fa èémí nísàlẹ̀, níbi tí omi ti fún un pọ̀. Tí mo bá fa èémí kún àyà ní mítà 10, tí mo wá pa ẹnu mọ́ títí mo fi gòkè, èémí yẹn á di ìlọ́po méjì nínú àyà mi, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Ìdí tí òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa fi jẹ́ pé a ò gbọ́dọ̀ sé èémí nìyẹn. Ẹni tó ti mọ sísé èémí láti kékeré ní láti kọ́kọ́ fi àṣà yẹn sílẹ̀.

Ṣé nǹkan kan ti ṣe yín rí níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ní Roca Partida, a wà ní mítà 22 lápá ibi tí àpáta ti gbà wá lọ́wọ́ ìṣàn omi. Àwọn olórí òòlù yọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rò pé mo ta ẹsẹ̀, mo tún ta á, mo tún ta á. Ìró tí mo gbọ́ ló jí mi: obìnrin tí a jọ pín sí méjì-méjì ń fi irin kan sílíńdà rẹ̀, kàn, kàn, kàn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, àpáta ò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi kọ mítà 36. Géèjì mi, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe kù sí nínú sílíńdà, kọ 60, bẹ́ẹ̀ 200 ló wà níbẹ̀ nígbà tí a bọ́ sómi.

Obìnrin yẹn ò bínú, kò sáré. Ó di ẹ̀wù mi mú ní èjìká, ó wo ojú mi, ó fi ọwọ́ hàn mí pé ká rọra máa lọ sókè. Nígbà tí a fi máa dé mítà 5, abẹ́rẹ́ géèjì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó fún mi ní ẹnu ìmí kejì tó wà lára sílíńdà rẹ̀, mo sì fi í mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn. A tú bálúùnù àmì sókè, èyí tó pupa, tó gùn ju ènìyàn lọ. Bí a ti yọrí, ìgbì ga. Bí ìgbì bá gbé wa sókè, mo máa rí àpáta náà lókèèrè, bó bá sọ wá kalẹ̀, omi nìkan ni mò ń rí. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú la lò kí ọkọ̀ rọ́bà tó rí bálúùnù wa. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń wo géèjì mi kí n tó wo ohunkóhun tó bá ń kọjá, bó tilẹ̀ ṣe àbùùbùtán ni.

Gbogbo yín tó bá ń lọ, ẹ ra bálúùnù àmì tiyín, ẹ má yá ti ẹlòmíràn. Ẹ fi kọ́ ara, kí ẹ sì mọ bí a ṣe ń tú u sókè láti ìsàlẹ̀.

Tí ara ẹnì kan ò bá yá níbẹ̀ ńkọ́?

Ọ́síjìn wà nínú ọkọ̀, àwọn tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì náà wà. Ṣùgbọ́n yàrá onírin tí wọ́n fi ń tọ́jú bends, Baja California ló wà, ìrìn ọkọ̀ òru kan àti ọ̀sán kan. Ẹ ra ìwé adójútòfò ti àwọn òmùwẹ̀, èyí tó ń sanwó gbígbé aláìsàn kúrò lójú òkun, kí ẹ sì kà á fínnífínní. Tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan. Ẹ má fi pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fún yín.

Ọ̀fìnkìn ńkọ́? Ẹ má wọ omi. Etí tí kò bá ṣí lè lu. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko nígbà kejì tí mo lọ, imú dí, mo ń wo àwọn yòókù tí wọ́n ń múra. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo padà sómi.

Irun mi ńkọ́? Aṣọ wo ni màá wọ̀?

Ẹ̀wù rọ́bà tó nípọn mílímítà 5 ló tó mi lóṣù kọkànlá, lóṣù kejì mo lo 7 pẹ̀lú fìlà rọ́bà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ di irun mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣúkú ò ní jẹ́ kí fìlà wọlé, àtẹ́ńṣọ̀n ńlá náà a máa fa gíláàsì ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo di kólẹ́sẹ̀ kéékèèké, ó sì bá a mu. Fọ́nrán irun kan ṣoṣo lábẹ́ rọ́bà gíláàsì tó láti jẹ́ kí omi máa wọlé.

Òfin wo ló wà níbẹ̀?

Ìbọ̀wọ́ jẹ́ èèwọ̀, kí ọwọ́ má baà máa ṣe ẹnikẹ́ni bíi kó di nǹkan mú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan manta tàbí kí ẹ gùn ún. Láyé àtijọ́ àwọn kan máa ń gùn ún kiri, wọ́n sì ń ya fọ́tò. Ara manta ní ọ̀rìnrìn kan tó bò ó, tó sì ń dáàbò bò ó, ọwọ́ wa ló ń pa á rẹ́. Ẹ dúró sójú kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa wá. Ẹni tó bá lé e ò ní rí i pẹ́.

Ẹja pípa ńkọ́? Èèwọ̀ pátápátá. Ní ọdún 2016 ni UNESCO kọ Revillagigedo sára ogún gbogbo ayé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2017, ìjọba Mẹ́síkò sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè, nǹkan bí 148,000 kìlómítà níbùú lóòró, wọ́n sì fòfin de ẹja pípa ní gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn sí òfin yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àpáta tí ẹ lè wẹ̀ yí po láàárín ìsinmi ọ̀sán kan, ọkọ̀ apẹja mélòó kan lè kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Èló ni, físà sì ńkọ́?

Ẹ má ka èyí tó bá dín sí 3,000 dọ́là, iye yẹn ò tíì kan bàlúù, owó ọgbà ìpamọ́ àti adójútòfò. Ọdún méjì ni mo fi kó o jọ. Ní ti físà, ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí ìwé ìgbélùú títí lọ ti Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mẹ́síkò ti máa ń jẹ́ kó wọlé láì gba físà tiwọn. Ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí irú òfin bẹ́ẹ̀ a máa yí padà.

Ohun kan tún wà: a kì í wọ bàlúù láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí a bá jáde nínú omi, nítorí nitrogen yẹn. Ìrìnàjò ìpadàbọ̀ ti gba iye wákàtí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Mi ò mọ omi wẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nínú ìkùdù ìwẹ̀ tó sún mọ́ yín, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní sùúrù. Ọmọ ọdún 34 ni mo jẹ́ kí n tó mọ omi wẹ̀. Ẹ kọ́ wíwẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára, lẹ́yìn náà ẹ lọ gba Open Water. Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi yín tutù, ó sì dúdú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí ní irú ibi bíi Stoney Cove ní Leicestershire, ibi ìwakùsà òkúta tí omi kún, kò sí omi tó máa já a láyà mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ gbọ́ orin àbùùbùtán?

Òótọ́ ni. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń wá bímọ tí wọ́n sì ń wá ìyàwó, àwọn akọ ló ń kọrin. Ohùn máa ń rìn nínú omi ní ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí ò sì lè mọ ibi tó ti ń bọ̀. A ò rí ẹja náà. A dúró ní mítà 5, àwa mẹ́fà, a ń ka ìṣẹ́jú mẹ́ta wa. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fa ilẹ̀kùn ńlá, ó ròkè, ó ké tẹ́ẹ́rẹ́, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo fi ọwọ́ lé àyà mi. Sílíńdà tó wà lẹ́yìn mi ń gbọ̀n.